Bàtà Kì Í Rìn, Ẹsẹ̀ Ní Ń Rìn

Tí ẹ bá fẹ́ kí ìyá àgbà mi bá yín jà, ẹ kàn rìn kọjá lórí iyanrìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ẹ lè bú wọn, ẹ lè gbàgbé láti kí wọn lójú ọ̀nà, wọ́n á kàn pòṣé, wọ́n á máa bá tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ yín kan iyanrìn yẹn lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, kí ẹ má sì dúró lójú fèrèsé wọn láti dárúkọ ara yín, háà, ẹ ti tọwọ́ bọ ilé agbọ́n. Tó bá di àárọ̀, wọ́n á wá yín dé ilé yín, wọ́n á sì bi yín níwájú ìyàwó yín pé níbo lẹ ti ń bọ̀.

Ìyá Ràbí ni gbogbo abúlé ń pè wọ́n, torí pé ìyá mi, Ràbíátù, ni àkọ́bí wọn. Orúkọ wọn gan-an ni Sàfúrátù. Oṣù tó kọjá ni wọ́n fi wá sílẹ̀. Títí wọ́n fi kú, àwọn kan wà lábúlé wa tó ń pè wọ́n ní Ìyá Aparọ́ lẹ́yìn wọn, tí àwọn ọmọdé tí kò mọ nǹkan kan náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Orúkọ burúkú yẹn ni mo fẹ́ bá jà níbí. Mo mọ ibi tó ti wá ju ẹnikẹ́ni lọ.

Mi ò ní dárúkọ abúlé wa, àwọn ará ilé mọ ara wọn. Ẹ kọjá Ajah, ẹ yà sí apá ọ̀sà. Ẹ máa rí ògiri ẹ̀sítéètì lọ́tùn-ún, ẹ máa rí i lósì, wáyà iná wà lórí àwọn méjèèjì. Àárín ògiri méjèèjì yẹn ni ọ̀nà tiwa gbà. Iyanrìn funfun ni gbogbo ilẹ̀ wa. Ọ̀nà méjì péré ló wọlé: ọ̀kan láti títì, èkejì láti etí ọ̀sà níbi tí àwọn apẹja ń so ọkọ̀ mọ́. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun alaásárì, Ìyá á mú ọwọ̀ wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títì, wọ́n á máa gbá iyanrìn náà bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn, kí ẹsẹ̀ tiwọn má baà hàn níbẹ̀. Tí wọ́n bá parí ti ẹnu títì, wọ́n á lọ gbá ti etí omi. Iyanrìn náà á wá tẹ́ lọ rẹrẹ, ẹ ò ní fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ìrun àsùbá, wọ́n á tún padà síbẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á máa wo ẹsẹ̀. Wọn ò lọ sílé ìwé rí. Iyanrìn yẹn ni ìwé tí wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tó bá ru ẹrù wúwo, gìgísẹ̀ rẹ̀ á rì. Ẹni tó bá ń sáré, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa walẹ̀. Ẹni tó bá ń yọ́ rìn, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá tiwọn ló kọ́ wọn. Kò sí fijilanté lábúlé wa nígbà yẹn, kò sí géètì, àgọ́ ọlọ́pàá sì jìnnà. Ìyá àti ọwọ̀ wọn ni ẹ̀ṣọ́ tí a ní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò ṣe àsọdùn. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo ní ọ̀rẹ́kùnrin kan, ọmọ káfíńtà ni. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí la ti máa ń pàdé, torí pé mo rò pé kò sẹ́ni tó máa fura sí ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́ àárọ̀ ni Ìyá wá dúró lórí mi. Wọ́n ní, "Kúdí, ẹsẹ̀ rẹ dúró lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí lánàá. Ẹsẹ̀ ọkùnrin kan náà dúró níbẹ̀. Ó sì pẹ́ kí ẹ tó kúrò." Mo ní a kàn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Wọ́n wò mí títí, ẹ̀rín ń pa wọ́n, wọn ò jẹ́ kó jáde. Wọ́n ní, "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, kò sẹ́ni tó kojú sí kíbúlà."

Èmi ni Kúdírátù, Kúdí ni wọ́n ń pè mí nílé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí ní Rédíò. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹnu mi yá. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ abúlé, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lókè. Mo fẹ́ràn kí ojú àwọn èèyàn máa là tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ìyá kórìíra ìwà yẹn lára mi bí nǹkan míì. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ẹnu rẹ máa ń débẹ̀ kí ìwọ fúnra rẹ tó dé."

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni wọ́n o. Alátojúbọ̀ ni Ìyá. Olórí kunkun ni wọ́n. Odidi ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi bá Ìyá Sílífá tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ wa jà, torí adìẹ. Adìẹ Ìyá Sílífá ló ń tú iyanrìn láàárọ̀ kí Ìyá tó kà á. Wọ́n ní kó so adìẹ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Ìyá Sílífá ní ta ló ń so adìẹ mọ́lẹ̀ láyé yìí? Làwọn méjèèjì bá dákẹ́ síra wọn. Tí iyọ̀ bá tán nílé wa, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni iyọ̀ wà, ṣùgbọ́n Ìyá á rán mi dé ìparí abúlé. Ọjọ́ tí ara Ìyá Sílífá ò yá, Ìyá ló kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n gbé àgbo lọ́wọ́. Wọ́n ti rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò jáde láti ìjẹta. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ní kí n má rò pé ìjà ti parí. "Àìsàn ni mo lọ kí, mi ò kí adìẹ."

Ọ̀rọ̀ àwọ̀n kan wà tí mo ní láti sọ, torí ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Opó kan wà lábúlé wa tó ń fi àwọ̀n ọkọ rẹ̀ tó ti kú pẹja. Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, àwọ̀n ò sí mọ́. Obìnrin náà kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá ti lọ wo iyanrìn ní tiwọn, wọ́n ti rí ẹsẹ̀, wọ́n sì mọ ẹlẹ́sẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n lọ sílé ọkùnrin náà, wọ́n bá a tó ń jẹun pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n kí wọn, wọ́n jókòó, wọ́n bèèrè ilé ìwé àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde, wọ́n kàn bi í pé, "Ṣé èjìká ọ̀tún yín ò dùn yín? Ẹrù àná wúwo." Kò tíì di ọ̀sán tí àwọ̀n náà fi wà lórí ọgbà opó yẹn. Ẹni tó jí i tiẹ̀ ti bá a di ibi tó ya.

Mo bẹ Ìyá títí kí wọ́n sọ orúkọ ọkùnrin náà fún mi. Mo sunkún, mo bínú, mi ò jẹun alẹ́. Wọn ò sọ ọ́, mi ò sì mọ̀ ọ́n dòní. Wọ́n ní, "Ẹni tí a ò tíì dárúkọ rẹ̀ ṣì lè dá nǹkan padà. Tí a bá ti dárúkọ rẹ̀, kí ló kù tó fẹ́ gbà là?"

Ìjà wọn tó tóbi jù ni ti òkúta íńtálọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń tẹ́ ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ kì í hàn lórí rẹ̀. Alága àwọn onílé ní ẹ̀sítéètì tó wà lọ́tùn-ún wa wá síbi ìpàdé abúlé. Ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà. Ó ní olè ti pọ̀ jù ní gbogbo agbègbè yìí. Ó ní àwọn máa bá wa fi òkúta sí ọ̀nà wa méjèèjì, àwọn máa fi géètì àti kámẹ́rà síbẹ̀, kí ó dà bíi ti VGC, ẹ̀sítéètì àwọn olówó ní Lekki, tí àwa náà bá gbà láti máa fi káàdì sọ́rùn. Inú àwọn ọ̀dọ́ dùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá dìde. Wọ́n ní kí ọ̀gá náà jọ̀ọ́ bọ́ bàtà rẹ̀, kó tẹ ibí yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Wọ́n ní, "Orúnkún òsì ń dùn yín, ó ti pẹ́. Ẹ lọ rí dókítà." Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọ̀gá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tó ọdún méjì. Ìyá wá ní, "Kámẹ́rà yín á mọ ojú olè o. Kò ní mọ ìyá rẹ̀."

Wọ́n gbé íńtálọ́ọ̀kì náà tì nígbà yẹn. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ ò gbàgbé. Wọ́n ń kùn pé ìyá arúgbó kan ló ń dí ọ̀làjú lọ́wọ́.

Ó wá di ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ńlá sí apá òsì wa. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ dé láti Ìwó, láti Òṣogbo, láti Ìṣẹ́yìn. Inú ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ náà ni wọ́n ń sùn. Kànga wa ni wọ́n ti ń pọnmi, mọ́ṣáláṣí wa ni wọ́n ti ń kírun. Bíríkìlà kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Wàsíù, ọmọ Ìwó. Kò lè ju ọdún méjìlélógún lọ. Tó bá rí Ìyá, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn, Ìyá á sì máa pariwo pé kó dìde, ó ti ń ba ohun tí wọ́n gbá jẹ́.

Ọdún yẹn náà ni olè bẹ̀rẹ̀ sí jí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí kì í bá ṣe apẹja lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ́ńjìnì yẹn ni oko apẹja, òun náà ni ọkọ́ rẹ̀. Wọ́n jí ti ẹni àkọ́kọ́, ẹni náà lọ ń ru bíríkì. Wọ́n jí ti ẹnì kejì, ìyàwó rẹ̀ kó lọ sílé bàbá rẹ̀. Orí omi ni olè méjèèjì gbà, Ìyá ò rí ẹsẹ̀ kankan kà. Àwọn ọ̀dọ́ wá ṣèpàdé, wọ́n búra pé ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, kò ní dé tẹ́ṣàn. Wọ́n ní tí a bá fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ọ̀la ló máa jáde. Wọ́n gbé táyà ògbólógbòó kan sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù fọ́káǹáísà, wọ́n ní ti olè ni. Ojoojúmọ́ là ń kọjá lára táyà yẹn. Ìyá sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí wọ́n gbé e kúrò, wọn ò dá wọn lóhùn.

Ẹni kẹta tí wọ́n jí tirẹ̀ ni Bàbá Mùfú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá ni, òun sì ni olórí àwọn apẹja. Lọ́tẹ̀ yìí, olè gba orí ilẹ̀ wá.

Mo bá Ìyá lọ sí etí omi láàárọ̀ yẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí, ẹ̀yìn ń ro wọ́n. Wọ́n ní, "Wá wo èyí. Bàtà sáìtì ni, bàtà òjò tí wọ́n fi ń po kọnkéré. Gìgísẹ̀ òsì ti là, wọ́n fi wáyà dì í." Mo mọ bàtà yẹn. Mo ti rí i lẹ́sẹ̀ Wàsíù lánàá ní kànga, mo tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàtà rẹ̀ ti wọ ẹ̀gbà ẹsẹ̀. Mo la ẹnu, Ìyá gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Pa ẹnu dé. Mi ò tíì rí èèyàn o, bàtà ni mo rí. Jẹ́ kí oòrùn yọ kí n wo bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Bàtà kì í rìn, ẹsẹ̀ ní ń rìn. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní mo fẹ́ lọ gbé omi kaná.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi rò ó. Ṣé omi ni mo lọ gbé kaná? Ọ̀dọ̀ fọ́káǹáísà ni mo gbà. Bàbá Mùfú jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí, àwọn ọ̀dọ́ dúró yí i ká. Ọkùnrin tó gbé mi sí èjìká nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́, kì í ṣe àánú nìkan. Mo fẹ́ kí wọ́n gbójú sókè wò mí. Mo sọ pé Wàsíù bíríkìlà ni. Ọ̀kan nínú wọn ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo mọ̀ pé tí mo bá ní èmi ni, wọ́n á ní Rédíò tún ti dé. Mo ní, "Ìyá ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí ẹsẹ̀ rẹ̀."

Bó ṣe rí nìyẹn. Ìyá ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fi sí wọn lẹ́nu.

Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sáré. Nígbà tí mo fi máa dé sáìtì, wọ́n ti wọ́ Wàsíù jáde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ti so ó mọ́ igi àgbọn. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù dúró lókèèrè, wọ́n ń pariwo pé àjọlò ni bàtà yẹn. Wọ́n ní ẹni tí ọjọ́ kọnkéré bá kàn ló ń wọ̀ ọ́, ẹnu ọ̀nà ló sì máa ń wà lálẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn. Lábúlé wa, kálukú ló ni ẹsẹ̀ rẹ̀, kálukú ló ni sálúbàtà rẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé bàtà kan lè ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó fetí sí wọn. Ẹnì kan ti ń yí táyà náà bọ̀. Ẹnì kan ti gbé jálá epo bẹntiróòlù.

Mo fẹ́ pariwo. Mo la ẹnu, èmi Rédíò, kò sí ohùn.

Ìyá dé. Mi ò mọ ẹni tó lọ pè wọ́n. Wọn ò mú ọ̀pá, wọn ò wé gèlè. Wọ́n gba àárín àwọn èèyàn kọjá, wọ́n ní, "Ẹ tú ọmọ yìí, kó bọ́ bàtà, kó rìn kí n wò ó." Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ní, "Ìyá, kí la tún fẹ́ wò? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní òun ni." Ìyá ní, "Èmi?" Àwọn ọ̀dọ́ ní, "Ọmọ ọmọ yín ló jíṣẹ́ yín."

Ìyá yíjú, wọ́n rí mi. Mi ò lè gbójú sókè. Mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Mo ń retí kí wọ́n sọ pé irọ́ ni, mi ò rán an. Ó tọ́ sí wọn láti sọ bẹ́ẹ̀. Wàsíù ń pe ìyá rẹ̀. Ó ń sọ pé, "Ìyá mi ò mọ̀ pé mo wà níbí, wọn ò mọ̀ pé mo wà níbí." Wọ́n ti gbé táyà kọ́ ọ lọ́rùn.

Ìyá àgbà mi kúnlẹ̀. Ìyá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, níwájú ọmọ ọdún méjìlélógún, nínú iyanrìn, lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní, "Èmi Sàfúrátù ni mo purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bàtà ni mo rí, mo ní mo rí èèyàn. Wàsíù, forí jì mí." Àwọn obìnrin figbe ta. "Èèwọ̀! Ẹ gbé Ìyá dìde!" Ẹni méjì sáré sí wọn, Ìyá gba ọwọ́ wọn dànù. Wọ́n ní, "Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni mo kúnlẹ̀ yìí. Mi ò ní dìde àfi tí ẹ bá tú u. Ẹni tó bá fẹ́ ṣáná, kó gba orí mi kọjá."

Ẹni tó gbé jálá epo gbé e sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì rìn kúrò níbẹ̀ bíi pé kì í ṣe òun ló gbé e wá. Bàbá Mùfú fúnra rẹ̀ ló tú okùn. Kò wo Wàsíù, Ìyá ló ń wò. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kó oko mi lọ máa lọ bẹ́ẹ̀, àbí? Láti òní lọ, ẹnu yín ò tó ọ̀rọ̀ mọ́ lábúlé yìí."

Wàsíù kúrò lọ́jọ́ náà. Ó ré táyà yẹn kọjá láìwọ bàtà, ó bọ́ sí títì, ó wọ ọkọ̀. A ò rí i mọ́. A ò mọ ẹni tó jí ẹ́ńjìnì títí dòní, ìyẹn náà ni kò jẹ́ kí àwọn èèyàn dárí ji Ìyá. Wọ́n ní bóyá Wàsíù náà ni olè o, tí Ìyá fi ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Wọ́n ní olè gbọ́dọ̀ ti fún Ìyá ní nǹkan. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, wọ́n fi íńtálọ́ọ̀kì sí ọ̀nà méjèèjì. Kò sẹ́ni tó bi Ìyá. Wọ́n fi géètì síbẹ̀, wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ kan láti ọ̀nà jíjìn tí kò mọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn alaásárì, Ìyá á jókòó sójú fèrèsé, wọn ò ní ohun tí wọ́n máa gbá. Ó dùn mí gan-an. Mo máa ń wá iṣẹ́ fún wọn, mo máa ń da ẹ̀wà tí mo ti ṣà tẹ́lẹ̀ síwájú wọn pé kí wọ́n bá mi ṣà á. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń ṣà á.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ òtítọ́. Mo gbìyànjú. Lọ́sẹ̀ kejì ìṣẹ̀lẹ̀ náà, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn nínú yàrá, mo ní mo fẹ́ lọ sọ níwájú mọ́ṣáláṣí pé èmi ni. Wọn ò pariwo mọ́ mi rárá, ìbá sàn kí wọ́n na mí. Wọ́n ní, "Tí mo bá ní ìwọ ni lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á ní Wàsíù ti di ọ̀rẹ́kùnrin rẹ, pé tìtorí rẹ ni mo ṣe fẹ́ gbà á sílẹ̀. Wọ́n á so ẹ̀yin méjèèjì mọ́ igi kan. Inú tó ń bí wọn ò tíì tán. Dákẹ́." Mo ní orúkọ wọn ńkọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Aṣọ tó ti gbó la fi ń nulẹ̀. Tìrẹ ṣì tuntun, o ò tíì wọ̀ ọ́ lọ sílé ọkọ."

Mo wọ̀ ọ́ lọ sílé ọkọ lóòótọ́. Jakande ní Ilasan ni mò ń gbé báyìí, mo bímọ méjì. Ìgbàkígbà tí mo bá wá kí wọn, mo máa ń sọ ọ́, wọ́n á ní kí n dákẹ́. Nígbà tó yá, mi ò sọ ọ́ mọ́. Mo jẹ́wọ́, ó ti ń rọrùn fún mi pé wọ́n ní kí n dákẹ́. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń débẹ̀ kó tó dé rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè pa mọ́, ìyẹn sì ni èyí tó yẹ kó sọ. Wàsíù, níbikíbi tó o bá wà, èmi ni. Ìyá ò purọ́ mọ́ ẹ. Jọ̀ọ́, forí jì mí.

Ọjọ́ kẹjọ tí a sin Ìyá, a ṣe àdúà fún wọn ní iwájú ilé. Gbogbo abúlé wá, torí pé òkú kì í ní ọ̀tá. Bàbá Mùfú ti darúgbó, igi ló fi ń rìn. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà ẹbí. Ó ní èèyàn rere ni àǹtí òun. Ó ní wọ́n tọ́ òun, wọ́n bọ́ òun. Ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣìṣe, pé kí Ọlọ́run má fi irọ́ ọjọ́ yẹn bi wọ́n. Lèmọ́mù wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kò ní ìkà nínú, tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ní Ọlọ́run á forí irọ́ náà jì wọ́n. Gbogbo èèyàn ṣe àmín.

Mo dìde. Ọkọ mi fà mí láṣọ, mo já a gbà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, látorí bàtà dé orí irọ́ tí mo fi sí Ìyá lẹ́nu. Mo sọ pé wọ́n ní kí n pa ẹnu dé. Mo sọ pé mi ò pa á dé. Mo sọ pé irọ́ kan ṣoṣo tí Ìyá pa lọ́jọ́ yẹn ni bí wọ́n ṣe ní àwọn fúnra àwọn ló purọ́ mọ́ Wàsíù. Ìyá mi, Ràbíátù, bo ojú. Àwọn tí wọ́n ń gbé omi kiri dúró.

Bàbá Mùfú yíjú sí mi. Ó ní, "Kúdí, ọdún mẹ́sàn-án rèé. Ìyá àgbà rẹ ru orúkọ Ìyá Aparọ́ dé sàréè. Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ nígbà tí wọ́n wà láyé?"

Mo ní, "Ẹ̀rù yín ló bà mí, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ̀rù yín ba Ìyá náà, ṣùgbọ́n wọ́n kúnlẹ̀."

Lèmọ́mù tún tẹ́ ọwọ́, ó ní kí a tún àdúà náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.